Kọ́bọ̀ Oníhò

Owó tí kò ṣeé ná ni mò ń kó jọ. Ọdún kẹta rèé tí mo ti bẹ̀rẹ̀, inú agolo mílíìkì kan ni mo sì ń kó wọn sí. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní kíláàsì máa ń pè mí ní olówó tí ebi ń pa. Wọn kò purọ́.

Ọ̀dọ̀ ìyá tó bí bàbá mi ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti wá. Àdìrẹ ni Ìyá Àgbà ń tà ní Ìtòkú kí ẹsẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Àwọn ló kọ́ mi ní orúkọ owó wọ̀nyí: onínì, ẹ́pìnnì, kọ́bọ̀, tọ́rọ́, sísì, ṣílè. Onínì mẹ́wàá ni kọ́bọ̀ kan, kọ́bọ̀ méjìlá ni ṣílè kan, ogún ṣílè ni pọ́n-ùn kan. Nígbà tí náírà dé ní ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1973, pọ́n-ùn kan di náírà méjì.

Onínì, ẹ́pìnnì àti kọ́bọ̀ ìgbà náà ní ihò láàárín. Mo bi Ìyá Àgbà pé kí ni ihò náà wà fún. Wọ́n ní, “Àbẹ̀kẹ́, o ò rí i pé okùn ń gba ibẹ̀ kọjá ni?” Owó lórí okùn kì í ṣe àjèjì sí wa. Ogójì owó ẹyọ ni àwọn baba wa ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan. Ọgọ́fà owó ẹyọ, ìyẹn okùn mẹ́ta, ni wọ́n ń ta Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859.

Kọ́bọ̀ ọdún 1936 ni mo fẹ́ràn jù. Ọba mẹ́ta ló jẹ ní Ìlú Ọba lọ́dún náà: George Karùn-ún wàjà, Edward Kẹjọ gorí oyè, ó sì kọ adé sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá nítorí obìnrin tó fẹ́ fẹ́. Àwọn ará ìlú rẹ̀ kò ná owó tó ní orúkọ rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n owó oníhò kò ní orí ọba, orúkọ lásán ló wà lára rẹ̀, àwọn ìyá ọlọ́jà tiwa sì ná an!

H tàbí KN kékeré wà lára àwọn mìíràn. Heaton àti King’s Norton ni, ilé iṣẹ́ aládàáni ní Birmingham tí ìjọba gbé iṣẹ́ fún. Ní California, kò sẹ́ni tó gbé iṣẹ́ fún wọn. Nígbà tí wọ́n rí góòlù níbẹ̀ ní 1848, ẹ̀kúnná góòlù pọ̀ lọ́wọ́ àwọn awakùsà, owó ṣọ́wọ́n. Ni àwọn bíi Moffat bá ń rọ owó góòlù fúnra wọn, títí ìjọba fi ṣí ilé iṣẹ́ owó tirẹ̀ ní San Francisco ní 1854. Owó ńlá ni wọ́n ń ra irú wọn lónìí. Kọ́bọ̀ tèmi kò tó bẹ́ẹ̀, ó pọ̀ nílẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, owó ìdánwò àṣekágbá mi kò pé. Ọkùnrin kan tó ń ra irin àlòkù yẹ agolo mi wò, ó ṣa ṣílè mẹ́rin sọ́tọ̀, ti 1913 àti 1914. Fàdákà gidi ni wọ́n, yíyọ́ ló sì fẹ́ yọ́ wọn ṣe òrùka. Bàbá mi kò sọ̀rọ̀, wọ́n kàn ń wò mí. Ìyá Àgbà ní, “Ìyá mi ló fi sílẹ̀ fún mi, èmi fi fún ọ. Ohun tí o bá fẹ́ ni kí o ṣe.”

Mo ní kó dúró. Mo gbé bébà lé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, mo fi pẹ́ńsù ra á títí ọ̀pẹ ara rẹ̀ fi hàn, tẹ̀yìn tiwájú. Lẹ́yìn náà ni mo kó wọn fún un. Mo ṣe ìdánwò náà. Bébà mẹ́rin yẹn wà nínú Bíbélì Ìyá Àgbà báyìí. Wọ́n máa ń fi ìka tọ ipa rẹ̀ nígbà mìíràn.

Onínì tí wọ́n fi alumíníọ́mù rọ ní 1908 ni mò ń wá lọ́wọ́. Ìyá Àgbà ní ọ̀rẹ́ àwọn kan ní Ìtókò ní àpótí kan tí kò ṣí láti ọjọ́ pípẹ́. A óò lọ kí wọn ní Sátidé.