Àpáta Alángbá Dámọ́lá

Ṣadé dé láti Leeds lánàá. Múdà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò kúrò l'Abẹ́òkúta rí. Iṣẹ́ bíríkìlà ló ń ṣe láti ọdún 28 sẹ́yìn. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n jókòó sí, àpáta Olúmọ ń wò wọ́n látòkè, alángbá olórí pupa kan sì ń yá oòrùn lórí ògiri.

MÚDÀ: Ó ti pẹ́ tí o ti ń wo alángbá yẹn, Ṣadé. Kí ló wà lára rẹ̀?

ṢADÉ: Ẹ wo bó ṣe ń mi orí, Bọ̀dá mi. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti Dámọ́lá ọmọ mi máa ń ṣe ní Leeds. Alángbá onírùngbọ̀n ni, bearded dragon lorúkọ tí àwọn òyìnbó ń pè é. Ẹbí kan náà lòun àti èyí tó wà lórí ògiri yìí, àmọ́ Ọsirélíà ni ìran tirẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Bínú bá bí i, abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ á wú, á dúdú bí ẹni tó dá irùngbọ̀n sí.

MÚDÀ: Ẹ wá kó alángbá láti Ọsirélíà wá sí Ìlú Ọba kí ọmọ lè máa fi ṣeré?

ṢADÉ: Rárá o. Ìjọba Ọsirélíà kò gbà kí wọ́n kó wọn jáde láti tà. Ilé ẹni tó ń sìn wọ́n ni wọ́n ti yé ẹyin tó di tiwa. Kò fojú kan aṣálẹ̀ rí, òtútù Leeds á sì pa á bó bá jáde. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Ẹranko tí a bá sé mọ́ inú àpótí gíláàsì, a jẹ ẹ́ ní gbèsè ibi tó máa gùn, ibi tó máa sá sí, ibi tó máa ti yá oòrùn. Ìgbà tí Dámọ́lá ní òun fẹ́ kọ́ àpáta fún un sẹ́yìn àpótí náà, mo bá a dá ọwọ́ lé e.

MÚDÀ: Kí ló dé tí ẹ ò gbé òkúta gidi sí i?

ṢADÉ: Ó wúwo, gíláàsì lè fọ́. Alángbá yìí tún máa ń walẹ̀; bó bá gbẹ́ yanrìn ìdí òkúta, òkúta lè wó lù ú. Fóòmù la fi ṣe é.

MÚDÀ: Fóòmù bẹ́ẹ̀dì?

ṢADÉ: Èyí funfun inú páálí tẹlifíṣọ̀n, tó máa ń han etí bí èèyàn bá fọwọ́ nù ún, tó sì ń já ní wóró wóró. A lẹ̀ ẹ́ pọ̀ ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, a fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ títí ó fi ní pàlàpálá àti pẹpẹ. Ó fúyẹ́, ooru kì í sì í tètè gba inú rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n kò ṣeé fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èékánná alángbá á ha á, ìrẹ̀ tí a ń fún un jẹ á gbẹ́ ihò sínú rẹ̀, bó bá sì gbé wóró fóòmù mì, ó lè dí i nífun. Gbígbẹ́ rẹ̀ dùn, ọmọdé á ṣe é. Ohun tí a máa fi bò ó niṣẹ́.

MÚDÀ: Kí lẹ wá fi bò ó?

ṢADÉ: Ọ̀dà inú agolo, èyí tí wọ́n ń fọ́n, la kọ́kọ́ dán wò lára ègé kan. Ojú wa báyìí ló ṣe yọ́, bí iyọ̀ tó kan omi.

MÚDÀ: Da bẹntiróòlù sí i, ohun kan náà ni wàá rí: á rún wọlé, á di ohun tó ń lẹ̀ mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Ohunkóhun tó bá ti ń rùn bíi tínà, fóòmù yẹn ò lè gbà á.

ṢADÉ: Ọ̀dà olómi nìkan ló gbà. La bá lọ ra ìyẹ̀fun tí àwọn onítáìlì fi ń dí àárín táìlì.

MÚDÀ: Sìmẹ́ńtì funfun là ń lò níbí.

ṢADÉ: Ohun tó jọ ọ́ ni. Mo pò ó kó ki dáadáa, mo sì rẹ́ ẹ nípọn, torí mo fẹ́ ṣe é tán lẹ́ẹ̀kan. Mo wá gbé e ti ẹ̀rọ amúlémóoru kó lè tètè gbẹ. Kílẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ó ti sán káàkiri bí ilẹ̀ àbàtà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo tẹ ibì kan báyìí, odidi ègé tó tó àtẹ́lẹwọ́ ṣí kúrò, fóòmù yọ funfun lábẹ́ rẹ̀. Dámọ́lá ò sọ̀rọ̀. Ó kàn ń ṣa ègé náà sínú ike lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dùn mí ju kó sunkún lọ.

MÚDÀ: Pẹ̀lẹ́. Ohun méjì lo ṣe sí i. Sìmẹ́ńtì kì í gbẹ bí aṣọ tí a sá. Omi ló fi ń di òkúta: omi àti ìyẹ̀fun ń mú ara wọn ni. Bí o bá lé omi kúrò kí wọ́n tó mú ara wọn dáadáa, ìyẹ̀fun lásán ló kù sí ọ lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí àwa fi ń wọ́n omi sí ògiri tí a bá rẹ́, láàárọ̀, nírọ̀lẹ́, ó kéré tán ọjọ́ 7, kódà nínú ẹ̀ẹ̀rùn tí omi wọ́n. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í jẹ́ kí oòrùn yọ ká tó pọnmi débi iṣẹ́. Kànkéré gan-an, ọjọ́ 28 la fi ń wò ó ká tó ní ó gbó. Ìwọ wá gbé tìrẹ ti iná.

ṢADÉ: Ìkejì ńkọ́?

MÚDÀ: Ojú fóòmù yẹn dán. Ògiri kànkéré tó bá dán, a máa ń ṣá a lójú, a ó tún po sìmẹ́ńtì ṣíṣàn, a ó wọ́n ọn sí i lára, kí èyí tó nípọn tó tẹ̀ lé e lè ríbi dì mú. O gbé ẹrù lé orí ohun tó ń yọ̀. Ibo ló fẹ́ dì mú?

ṢADÉ: Mo padà gbọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò sọ ìdí rẹ̀ fún mi bí ẹ ti sọ ọ́ yìí. Nígbà tí a ṣe òmíràn, a fi sáńpépà ha gbogbo ara rẹ̀. Sìmẹ́ńtì àkọ́kọ́ ṣàn bí ògì tí a fẹ́ fún ọmọ ọwọ́. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré ni mo fi ń kì í bọ pàlàpálá. Mò ń gún un ni, mi ò fà á. Ó dà bíi pé mi ò ṣe nǹkan kan, torí funfun fóòmù ṣì ń hàn. Ọjọ́ kejì, mo tún pa òmíràn lé e, ó ki díẹ̀ sí i. Ìkẹta nípọn, kó tó dì, mo fi búrọ́ọ̀ṣì tó ti gbó gún ojú rẹ̀ títí ó fi rí gbágungbàgun, kí èékánná lè ríbi fà mú.

MÚDÀ: Àwọ̀ ńkọ́? Òkúta tó bá ní àwọ̀ kan ṣoṣo, irọ́ ni. Wo Olúmọ lókè yẹn: ibi tí òjò ń gbà ṣàn dúdú, ibi tí oòrùn ń pa rí bí eérú.

ṢADÉ: Àpáta àárín Ọsirélíà pupa bí ilẹ̀ wa, ìpẹtà irin inú rẹ̀ ló fà á. Ẹ rántí ìyẹ̀fun pupa tí Bàbá fi pa ilẹ̀ pálọ̀? Irú rẹ̀ ni mo pò mọ́ sìmẹ́ńtì, kó lè jẹ́ pé bí èékánná bá ha á, pupa náà ló máa yọ. Bó bá gbó tán, màá jẹ́ kí ọ̀dà dúdú ṣíṣàn wọ inú pàlàpálá, màá wá fi búrọ́ọ̀ṣì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ fi ọ̀dà tó mọ́lẹ̀ kan ibi tó yọ síta nìkan. Ibẹ̀ ni fóòmù ti ń di òkúta lójú èèyàn.

MÚDÀ: Ìgbẹ́ alángbá á wọ inú sìmẹ́ńtì o. Ó máa ń fa nǹkan mu.

ṢADÉ: Ọ̀dà olómi aláìláwọ̀ la máa fi parí rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì, a ó sì fi í sílẹ̀ títí kò fi ní rùn mọ́. Ká ní ẹja tàbí ọ̀pọ̀lọ́ là ń sìn ni, iṣẹ́ ì bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ohun inú sìmẹ́ńtì tó máa ń jẹ ẹ̀yin bíríkìlà lọ́wọ́ yẹn, yóò jò sómi, yóò sì ṣe wọ́n léṣe. Tiwa kò sí nínú omi.

MÚDÀ: (Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó ti sán síta.) Ó ń jẹ wá lóòótọ́. Iná tí alángbá ń yá ńkọ́?

ṢADÉ: Ibi tó ń jókòó sí máa ń gbóná tó 40°C. Ìyẹn ò lè yọ́ fóòmù, ṣùgbọ́n gílóòbù fúnra rẹ̀ gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà a gbé e jìnnà sí àpáta.

MÚDÀ: Ibo niṣẹ́ dé báyìí?

ṢADÉ: Ìkẹta yẹn ni mo pa láàárọ̀ ọjọ́ tí mo wọ bàálù, ijẹta. Yàrá Dámọ́lá ló wà. Òun ló ń ṣọ́ ọ.

MÚDÀ: Ṣé ó ń wọ́n omi sí i?

ṢADÉ: Mi ò sọ fún un. Mo kàn ní kó má fọwọ́ kàn án.

MÚDÀ: Ẹ̀rọ amúlémóoru kò sí ní yàrá náà?

ṢADÉ: Ó wà lábẹ́ fèrèsé. Ibẹ̀ gan-an la gbé e tì.

MÚDÀ: Pè é, Ṣadé. Pè é báyìí. Ní kó gbé e kúrò níbẹ̀, kó fọ́n omi sí i bí ìrì, kì í ṣe bí òjò, kó wá fi aṣọ rírin bò ó. Tó bá ti gbé e, fún mi ní fóònù náà, kí n bá a sọ̀rọ̀.