Ìwà Lẹwà Gègé

Ọ̀rọ̀ gègé ni mo mú wá lónìí. Gègé tí mo ní lọ́kàn kì í ṣe bírò tí a ń rà ní ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé, tí a ń lò títí yóò fi sọnù. Gègé onítàdáwà ni, èyí tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ irin pẹlẹbẹ tí a là láàárín, tí a ń rọ tàdáwà sínú rẹ̀, tí a sì ń tọ́jú bí ẹni tọ́jú aago ọwọ́. Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe yan èyí tí mo fi ń kọ̀wé lójoojúmọ́, àti bí àṣàyàn mi àkọ́kọ́ ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ da ilé mi rú.

Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí ní Ìbàdàn. Ìsẹ́yìn ni ìyá mi ń gbé. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí etí rẹ̀ kò ti gbọ́ràn dáadáa mọ́, nítorí náà fóònù kò wúlò láàárín àwa méjèèjì. Bí mo bá pè é, "Ta nì yẹn?" ni yóò máa tẹnu mọ́, títí owó orí fóònù mi yóò fi tán. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣì ń ríran pẹ̀lú gíláàsì. Ilé-ìwé míṣọ́n ló lọ nígbà èwe rẹ̀, ó sì mọ Yorùbá kà ju ọ̀pọ̀lọpọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ. Ìwé ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mo ń kọ ọ́. N ó gbé e fún awakọ̀ kan tí a ti mọra ní ibùdókọ̀, òun ni yóò bá mi fi lé e lọ́wọ́.

Ní ọdún 2013, owó àjẹmọ́nú kan tí ó ti pẹ́ nílẹ̀ bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo pinnu láti fi ra ohun kan tí ó ti ń wù mí láti kékeré. Bàbá mi, tí òun náà jẹ́ tíṣà, ní gègé onítàdáwà kan tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Bí ó bá fẹ́ lò ó, yóò kọ́kọ́ nu ọwọ́ rẹ̀. Irú rẹ̀ ni mo ń wá kiri, ìgbà tí mo sì rí ọ̀kan ní ìsọ̀ kan, ọkàn mi fò sí i. Dúdú ni, ó ń dán gbinrin, ó ní òrùka aláwọ̀ wúrà lọ́rùn, ó sì wúwo lọ́wọ́. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀. Mo fi buwọ́ lu bébà kan níbẹ̀, orúkọ mi hàn bí orúkọ olóyè. Ọwọ́ tí mo fi ń buwọ́ lùwé ní báńkì ni mo lò, tí kò ní àmì kankan lórí tàbí lábẹ́. N kò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ìdajì owó náà ni mo kà sílẹ̀ fún ọlọ́jà.

Ìwé àkọ́kọ́ tí mo fi gègé yìí kọ sí ìyá mi ló fa ọ̀ràn. Ní ọ̀sẹ̀ náà, mọ́tò mi dẹnu kọlẹ̀ fún ìgbà kẹta. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ọkọ̀ mi ti bàjẹ́ pátápátá. Ó ti sú mi. Mo ń ronú bí n ó ṣe yọwọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀." Mo fi àmì sí gbogbo ọ̀rọ̀ bí ó ti yẹ, nítorí pé iṣẹ́ mi ni. Ṣùgbọ́n bébà ìwé àjákọ olówó pọ́ọ́kú ni mo kọ ọ́ sí. Tàdáwà pọ̀ lẹ́nu gègé náà, bébà sì ń mu ún bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ti ń mu òjò àkọ́rọ̀. Inú àwọn lẹ́tà dí. Àmì orí wọn ràn mọ́ wọn. Mo wò ó, mo ní ó rẹwà, mo ká a, mo fi ránṣẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ Yorùbá ti mọ ohun tí ó kàn. Àmì ohùn ìsàlẹ̀ kan ṣoṣo ló ya ọkọ̀ tí a ń wọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ tí ó fẹ́ ni sílé.

Ní ọjọ́ kejì tí ìwé náà dé ọwọ́ rẹ̀, kí oòrùn tó gòkè, ìyá mi ti wọkọ̀ ní Ìsẹ́yìn. Kò fẹnu kan oúnjẹ. Bàbá àwọn ọmọ mi ló ṣílẹ̀kùn fún un. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Màmá. Ṣé kò sí o?" Ìyá mi kò dá a lóhùn. Ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó wọ yàrá tọ̀ mí wá, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó ń wò mí lójú, ó ń wò mí lápá, bóyá yóò rí ojú ẹgba. Ó ní, "Kí ló fi ṣe ọ́?"

Kí n tó lóye ohun tí ó ń sọ, omi ti lé sí i lójú. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó yọ ìwé náà jáde, ó fi ìka sí ibẹ̀. Mo kà á bí ojú rẹ̀ ṣe rí i. Ọkọ mi ti bàjẹ́ pátápátá. Ó ti sú mi. Mo pariwo sí i létí pé ọkọ̀ ni, kì í ṣe ọkọ, ṣùgbọ́n etí tí kò gbọ́ràn kò lè gbọ́ ìyàtọ̀ ohùn. Bí mo ṣe ń pariwo tó bẹ́ẹ̀ ni ó ń mi orí pé òun ti gbọ́, òun ti kà á. Níkẹyìn mo fà á lọ́wọ́ dé ojú fèrèsé, mo nawọ́ sí mọ́tò náà níbi tí a tì í sí. Ìyá mi wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ó yí padà, ó lọ bá ọkọ mi ní pálọ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, ọkọ ọmọ mi. Ojú ló ṣì mí." Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ó ní kò tọ́pẹ́, kò sì tọ́ ẹ̀bẹ̀. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Ojú ìyá mi kò ṣì í. Ohun tí mo kọ ló kà.

Kí ó tó padà lọ́jọ́ kejì, ó ní kí n mú gègé náà wá. Ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, ó yí i síwá sẹ́yìn. Ó ní, "Ó dára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n aṣọ tó dára tí kò bo ìdí, kí la fẹ́ fi í ṣe?"

Àwọn àgbà ní ìwà lẹwà. Mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní òwe yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, n kò sì rò ó rí pé ó kan gègé. Ara gègé ni mo rà, n kò béèrè ìwà rẹ̀. Ìwà gègé sì ni ohun tí ó ń ṣe nígbà tí a bá gbé èdè tiwa lé e lẹ́nu. Nínú àwọn lẹ́tà kékeré tí a fi ń kọ Gẹ̀ẹ́sì, i àti j nìkan ló ní àmì lórí, nítorí náà gègé tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ kò lè fi bẹ́ẹ̀ dá akọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì láàmú. Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ kékeré tí à ń pè ní ẹ̀ṣẹ̀. Lẹ́tà mẹ́ta péré ni, ṣùgbọ́n àmì márùn-ún ló gbé: mẹ́ta lábẹ́, méjì lórí. Bí àmì kan bá sọnù lábẹ́, ẹ̀ṣẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹsẹ̀. Bí ọ̀kan bá yí padà lórí, ó di ẹ̀ṣẹ́, ìjà sì dé.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun fún àwọn baba wa. Nínú àrokò, ẹyọ owó mẹ́fà ń sọ pé ọkàn ẹni fà sí ẹni tí a ránṣẹ́ sí, nítorí ẹfà. Ẹyọ owó mẹ́jọ ń sọ pé ọ̀rọ̀ jọ, pé a fohùn ṣọ̀kan. Ẹni tí ó bá so owó náà kò gbọdọ̀ ṣì í kà. Ìdí kan náà ni àwọn àgbà C.M.S. fi pàdé ní Èkó ní 1875 lórí bí a ó ti máa kọ Yorùbá sílẹ̀, òun náà sì ni ìjọba fi fọwọ́ sí àkọtọ́ òde-òní ní 1974. Gbogbo làálàá yẹn ni tàdáwà gègé mi rì mọ́lẹ̀ láàárín ìlà kan.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìwádìí. Mo rí i pé lẹ́tà kan sábà máa ń wà lára ẹnu gègé: F fún èyí tí ó tín-ín-rín, M fún ti àárín, B fún èyí tí ó fẹ̀. Mo tún rí i pé F àwọn ará Japan sábà máa ń tín-ín-rín ju F àwọn ará Yúróòpù lọ, nítorí pé lẹ́tà tiwọn náà kún fún ìlà wẹ́wẹ́ tí kò gbọdọ̀ ràn mọ́ra. Inú mi dùn sí èyí. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ jọ tẹni ló mọ bí a ti í dì í. Ní 2014, àbúrò mi tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù bá mi ra ọ̀kan wálé, Pilot tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ F. Ilé-iṣẹ́ Japan ni Pilot, láti 1918. Gègé náà kò ní òrùka wúrà, kò sì náni ní ìdajì ohun tí mo san lórí ti àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó kọ́ mi. Èkíní, gègé tí a ó fi kọ Yorùbá gbọ́dọ̀ tètè dáhùn. Bí a bá ń fi àmì sábẹ́ lẹ́tà, a kì í fa ìlà, ńṣe ni a ń fi ẹnu gègé kan bébà lẹ́ẹ̀kan péré. Gègé tí ó ń fẹ́ kí a kọ́kọ́ fà á síwá sẹ́yìn kí tàdáwà tó wá yóò máa jẹ àmì gbé. Èkejì, kò gbọdọ̀ gba agbára. Tàdáwà bírò ki, ìdí nìyẹn tí a fi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ti gègé onítàdáwà ń ṣàn wá fúnra rẹ̀ láti ojú ìlà tí a là sí i lẹ́nu, nítorí náà ọwọ́ kì í tètè ro ni bí a bá kọ ojú ewé mẹ́rin. Ẹ̀kẹta, bébà ni ìdajì gègé. Ẹ wá bébà tí ojú rẹ̀ jọ̀lọ̀, tí tàdáwà kì í tàn káàkiri lórí rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ gbẹ kí ẹ tó padà lọ fi àmì sí i, kí ọwọ́ má baà pa á rẹ́.

Ẹ̀kẹrin ni ọ̀rọ̀ tàdáwà. Kì í ṣe gbogbo omi dúdú ló yẹ inú gègé. Tàdáwà tí àwọn aláàfáà fi ń kọ̀wé sára wàláà níyì ní ààyè tirẹ̀, gègé tí a gbẹ́ lára igi ni a sì ń tì bọ̀ ọ́. Bí ẹ bá rọ ọ́ sínú gègé òde-òní, yóò dí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe fún gègé onítàdáwà ni kí ẹ rà. Bí ẹ bá sì fẹ́ pààrọ̀ àwọ̀, omi tútù tó mọ́ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́ títí omi náà yóò fi funfun.

N kò bú bírò o. Láti ara László Bíró, ọmọ ilẹ̀ Hungary tí ó gba ìwé-ẹ̀rí lórí rẹ̀ ní 1938, ni orúkọ náà ti wá, ó sì ti ran ayé lọ́wọ́. Bírò ni ìyá mi fúnra rẹ̀ fi ń kọ̀wé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ ra gègé tí ó rẹwà fún iṣẹ́ ojoojúmọ́, ẹ má fi orúkọ yín nìkan dán an wò. Ẹ fi gbólóhùn yìí dán an wò: "Ọkọ mi wọ ọkọ̀, ó gbé ọkọ́ lọ sí oko." Bí ẹlòmíràn bá lè kà á láì béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ yín, ẹ sanwó.

Ìwé tí mo kọ́kọ́ fi gègé tuntun náà kọ kò ju ojú ewé kan lọ. Mo sọ fún ìyá mi pé mo ti ta mọ́tò àtijọ́, mo sì ti ra òmíràn. Ní ọjọ́ kẹta, awakọ̀ mú èsì wá, ìlà méjì péré lórí bébà tí a fà ya lára kàlẹ́ńdà. Ó kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà, ó sì tẹ bírò mọ́ àmì kan títí bébà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lu:

"Mo kà á, ó yé mi. Bá mi kí ọkọ rẹ. Bá mi kí ọkọ̀ rẹ náà."

Inú àpótí tábìlì mi ni ìwé yẹn wà títí dòní. Gègé olórùka wúrà náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Báńkì nìkan ni mo fi ń buwọ́ lùwé fún.

Ó dìgbà kan ná o. Kí Olódùmarè má ṣe jẹ́ kí àmì wa sọnù.