Ìdajì Máàkì



Àwa mẹ́ta la jọ ń múra ìdánwò IELTS ní Odoakpu níbí. Nọ́ọ̀sì lọ̀kan nínú wa, Ìlú Ọba ló ń lọ. NMC tó ń rí sọ́rọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì níbẹ̀ ń béèrè 7 nínú kíkà, gbígbọ́ àti sísọ, ó sì ń béèrè 6.5 nínú kíkọ. Arábìnrin wa yege níbi mẹ́ta. Níbi kíkọ, 6 ló gbà. Owó àjọ ìyá rẹ̀ tó ń ta ẹja gbígbẹ ní Ochanja ló fi sanwó ìdánwò yẹn. Ìyá ò bínú, ó kàn bi wá pé, "Ẹ̀yin ọmọ, Gẹ̀ẹ́sì wo lẹ tún ń wá? Ṣebí òun lẹ fi kàwé láti kékeré?"

Ìbéèrè yẹn ò jẹ́ ká sùn. La bá ní kó kọ òmíràn níwájú wa, a gbé aago sílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ dáa. Àmọ́ iṣẹ́ kìíní, níbi tí wọ́n ti ń ṣàlàyé àtẹ, tó yẹ kó gba 20 ìṣẹ́jú, 35 ló lò níbẹ̀. Àròkọ tí máàkì rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì wá ku ìṣẹ́jú 25. Ó tún fi ìdajì ẹ̀ kí ayé kí ọ̀run kó tó sọ ibi tóun dúró sí.

Ilé la ti kọ́ ìyẹn. A kì í dé ọ̀dọ̀ àgbà ká má kí i. Àmọ́ ẹni tó ń máàkì ìwé yìí ò retí ìkíni, ìdáhùn ló ń wá. Ní báyìí, ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ la ti ń sọ èrò wa. Ìpínrọ̀ kan, ìdí kan, àpẹẹrẹ kan. Iṣẹ́ kìíní ò gbọ́dọ̀ dín ní ọ̀rọ̀ 150, àròkọ ò gbọ́dọ̀ dín ní 250.

Kíkà náà ńkọ́? Ìbéèrè 40, wákàtí kan péré. Kò sí àfikún ìṣẹ́jú láti da ìdáhùn kọ, àfi kẹ́ ẹ máa kọ ọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń lọ. Ibi tó ń mú wa jù ni True, False àti Not Given. Bí àyọkà bá ní Ìyá ti ta ẹja ní Ochanja fún ogún ọdún, tí ìbéèrè wá ní olówó ni, àwa tá a mọ ọjà á sáré mú True. Rárá o! Àyọkà ò sọ bẹ́ẹ̀, kò sì sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Not Given ni. Ìyá alára gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn òyìnbó gbọ́n.

Kójú má tì wá. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, tó mú iṣẹ́ míṣọ́nnárì dé Onitsha yìí lọ́dún 1857, ó ti lé lọ́mọ ọdún mẹ́wàá kó tó kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Sierra Leone. Kò sẹ́ni tó bí i mọ́ ọn.

Oṣù tó ń bọ̀ ni arábìnrin wa tún ń lọ. Ìyá ti tún dá àjọ. Alaalẹ́ tí ọjà bá ti tú, àròkọ kan, aago níwájú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti yege nínú kíkọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wo ìwé wa. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kó wá jókòó tì wá. Àyè ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì.