Iná ABS Inú Ọkọ̀ Kì Í Ṣe Ọ̀ṣọ́

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ń fi mọ́tò kó ọjà láti ìlú dé ìlú, àti ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ fi owó àjọ ra tòkunbọ̀ bí èmi náà ti ṣe, ẹ jọ̀wọ́ ẹ tẹ́tí sí mi lọ́sẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ iná kékeré aláwọ̀ ìyeyè kan ni mo fẹ́ sọ, èyí tí ó máa ń tàn ní iwájú awakọ̀, tí a kọ lẹ́tà mẹ́ta sí lára: A, B, S. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń rí i lójoojúmọ́ tí wọn kò kà á sí. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń sanwó kí a bá wọn pa á. Iná náà kò sì ṣẹ̀ wọ́n. Iṣẹ́ tí a rán an ni ó ń jẹ́.

Kí ni ABS yìí? Ẹ rántí bí ó ti máa ń rí bí ènìyàn bá ń sáré lórí amọ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Bí ó bá fẹ́ dúró lójijì, ẹsẹ̀ rẹ̀ a yọ̀, kò sì ní lè yà sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti mọ́tò. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ pátápátá lórí títì tí ó tutù, táyà lè dúró gbagidi, kí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ sì máa yọ̀ lọ síwájú. Ní àkókò náà, bí ó ti wù kí o yí sítíárìn tó, ọkọ̀ kò ní gbọ́, nítorí táyà tí kò bá yí kò lè darí ọkọ̀.

Èyí ni ABS wá tún ṣe. Ní ọdún 1978 ni ilé-iṣẹ́ Bosch ní Jámánì gbé irú rẹ̀ tí ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ jáde fún ọkọ̀ ńlá Mercedes-Benz. Ní ẹ̀gbẹ́ táyà ni a fi ohun kékeré kan sí tí à ń pè ní sẹ́ńsọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa wo bí táyà ti ń yí kánkán sí, kí ó sì máa ròyìn fún kọ̀ǹpútà. Bí kọ̀ǹpútà bá rí i pé táyà kan fẹ́ dúró gbagidi nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń sáré, yóò dẹ bíréèkì rẹ̀ díẹ̀, yóò sì tún mú un le, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Táyà yóò máa yí, sítíárìn yóò sì máa gbọ́ràn.

Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, iná ABS gbọ́dọ̀ tàn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí ó sì kú. Bí ó bá kọ̀ tí kò kú, tàbí tí ó tàn lójú ọ̀nà, kọ̀ǹpútà ti rí àléébù kan, ABS sì ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Bíréèkì fúnra rẹ̀ yóò ṣì mú, ṣùgbọ́n táyà lè yọ̀ bí ti mọ́tò ayé àtijọ́. Ẹ rọra wakọ̀, ẹ jìnnà sí ọkọ̀ iwájú, kí ẹ sì wá oníṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n bí iná bíréèkì tí ó pupa bá bá a tàn, tí kì í ṣe pé ẹ gbàgbé bíréèkì ọwọ́, ẹ má ṣe lọ mọ́. Ẹ pa ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì, kí ẹ wo òróró bíréèkì.

Ní ti èmi, ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún tí ó kọjá ni iná yìí tàn tí kò kú mọ́. Ọkọ̀ náà ni mo fi ń gbé ọmọ wa méjì lọ sí ilé-ìwé láràárọ̀, àti ọmọ méjì ti aládùúgbò wa tí ó ń ta aṣọ ní ọjà. Mẹkáníìkì tí mo kọ́kọ́ lọ bá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tíṣà, ẹ kàn ń dààmú ara yín ni. Bíréèkì yín mú dáadáa. Ẹ mú ẹgbẹ̀rún méjì náírà wá, kí n yọ gílóòbù rẹ̀, ọkàn yín á balẹ̀." Mo ní, "Ọ̀gá, bí ọmọ bá ń sunkún lóru, ṣé ẹnu rẹ̀ ni à ń dì?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni òun ń ṣe é fún gbogbo oníbàárà òun. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì wa ọkọ̀ mi lọ.

Ọ̀dọ̀ ríwáyà kan tí ó ní ẹ̀rọ tí a fi ń yẹ kọ̀ǹpútà ọkọ̀ wò ni mo lọ. Ó là mí lọ́yẹ̀ pé ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tí ó ń ka ti ẹ́ńjìnnì nìkan kì í sábà rí àléébù ABS. Nítorí náà, ẹ bèèrè kí ẹ tó sanwó. Ẹ̀rọ tirẹ̀ tọ́ka sí sẹ́ńsọ̀ táyà ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì. Kò sáré ní kí n ra òmíràn. Ó fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, ó tú táyà, a sì rí i pé wáyà sẹ́ńsọ̀ náà ti bó níbi tí ẹnìkan ti pààrọ̀ ṣọ́kù tí kò dá wáyà padà sí àyè rẹ̀. Ó so ó, ó fi rọ́bà wé e, ó nu ẹrẹ̀ ojú sẹ́ńsọ̀ kúrò, iná sì kú. Owó tí mo san kò tó owó táyà kan.

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà, òjò ń rọ̀ láàárọ̀, àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì wà lẹ́yìn. Ọlọ́kadà kan já sí títì lójijì láti ọwọ́ ọ̀tún, ó gbé obìnrin kan tòun ti ẹrù ọjà. Mo tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ tagbáratagbára. Ó ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ṣùgbọ́n n kò gbé ẹsẹ̀ kúrò. Mo yí sítíárìn sí òsì, ọkọ̀ gbọ́, a sì gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. Ẹ fi èyí sọ́kàn: gbígbọ̀n yẹn kì í ṣe àléébù, ABS ni ó ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ̀rù bá bà yín tí ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè, ẹ ti ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́.

Ohun tí ó dùn mí jù ni ti àwọn tí ń yọ gílóòbù yìí kí wọ́n tó ta ọkọ̀ fún ẹlòmíràn. Ẹni tí ó rà á yóò máa gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí kò sí níbẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ ra ọkọ̀, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ kí ẹ tó ná an. Bí a bá sọ pé ọkọ̀ náà ní ABS, tí iná rẹ̀ kò sì tàn rárá, ẹ bèèrè ẹni tí ó pa á. Àwọn kan tilẹ̀ ń so ó mọ́ wáyà iná mìíràn kí ó lè máa tàn kí ó sì máa kú bí ẹni pé àlàáfíà ni; nítorí náà, ẹ mú ẹni tí ó ní ẹ̀rọ dání.

Wáyà nìkan kọ́ ni ó ń fa iná yìí. Bátìrì tí kò lágbára mọ́, fíúùsì tí ó jó, bẹ́árìn táyà tí ó ti jẹ, tàbí táyà tí kò bá ẹgbẹ́ rẹ̀ dọ́gba lè fà á. ABS kì í sì í ṣe oògùn. Lórí yanrìn tàbí òkúta wẹ́wẹ́, ọkọ̀ tí ó ní i tilẹ̀ lè pẹ́ kí ó tó dúró, kò sì lè ran táyà tí ó ti pá lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ mi kò jù báyìí lọ. Àdúrà wa ni pé kí a má ṣe rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Ẹni tí ó bá ṣe àmín, kí ó wo iwájú ọkọ̀ rẹ̀ dáadáa kí ó tó ṣí lọ́la.