Irú Iná Kérésì Wo Ni Ọmọ Yín?

Tí oṣù December bá ti wọlé, tí ọyẹ́ sì ti ń mú kí ètè gbẹ, ilẹ̀ kì í tètè ṣú ní Adum, àárín gbùngbùn ìṣòwò ìlú Kumasi, lórílẹ̀-èdè Ghana. Láti ibẹ̀ dé Kejetia, níbi tí ọjà ńlá ìlú náà wà, èrò á máa wọ́ bí omi. Bàtà ọmọdé wà níbẹ̀, aṣọ tuntun wà níbẹ̀, iná Kérésì náà wà níbẹ̀: pupa, búlúù, aláwọ̀ ewé, àtèyí tó funfun bí òwú. Buronya làwọn Asante ń pe ọdún Kérésì. “Afehyia pa” ni wọ́n fi ń kí ara wọn lásìkò náà, bí ìgbà tí Yorùbá bá ń sọ pé ẹ kú ọdún.

Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo àwọn iná yìí á rí i pé wọn ò jọra. Ó rọrùn láti fi wọ́n ṣeré nínú ilé nígbà tí ìrẹsì bá ṣì wà lórí iná: “Irú iná wo nìwọ?” Ọ̀kan á ní òun lèyí tó ń ṣẹ́jú. Òmíràn á ní òun lèyí tó rọra ń tàn láìpariwo. Gbogbo ilé á sì bú sẹ́rìn-ín. Àmọ́ eré náà lè yí pa dà tó bá jẹ́ pé òbí ló ń dáhùn fún ọmọ. Ìlú Kumasi sì ní ohun tó lè kọ́ àwọn òbí nípa ọ̀rọ̀ yìí.

Iná kọ̀ọ̀kan àti ìwà tirẹ̀

Iná Kérésì kì í ṣe nǹkan àná. Ní December 22, 1882, Edward Johnson, tó ń bá Thomas Edison ṣiṣẹ́, fi gílóòbù kéékèèké 80 ṣe igi Kérésì lọ́ṣọ̀ọ́ nínú ilé rẹ̀ ní New York. Gílóòbù pupa, funfun àti búlúù ni, igi náà sì ń yí. Oríṣiríṣi ló ti jáde látìgbà yẹn.

Ẹ wo irú èyí tó ń ṣẹ́jú láyé àtijọ́. Irin tín-ín-rín kan wà nínú gílóòbù rẹ̀. Tó bá gbóná, irin náà á tẹ̀, iná á kú. Tó bá tutù, irin náà á pa dà sáyè rẹ̀, iná á sì tún tàn. Àwọn èèyàn kan rí bẹ́ẹ̀. Ara wọn á yá gágá, kí ẹ tó mọ̀, wọ́n á ti dákẹ́. Wọn ò bàjẹ́, ṣe ni wọ́n ń sinmi.

Ẹ tún wo èyí tí wọ́n to gílóòbù rẹ̀ tẹ̀ léra lórí wáyà kan ṣoṣo. Iná tó bá gba inú ti àkọ́kọ́ kọjá ló ń dé ọ̀dọ̀ èkejì. Tí wọ́n bá yọ ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ á ṣókùnkùn. Bàbá tó fajú ro wọlé láti ibi iṣẹ́, tí gbogbo ilé sì dákẹ́ lọ gbári, irú iná yìí ni. Àmọ́ wọ́n ń so àwọn míì lọ́nà tí gílóòbù kọ̀ọ̀kan á fi máa gba iná tirẹ̀. Tí ọ̀kan bá kú, àwọn tó kù á ṣì máa tàn.

Iná sólà ńkọ́? Àwọn ará Ghana mọyì rẹ̀ gan-an. Láti nǹkan bí ọdún 2012 wọ 2015, iná ọba ń lọ, ó ń bọ̀, débi pé wọ́n sọ ọ́ lórúkọ: dumsor. Lédè Twi, “dum” ni pa á, “sɔ” sì ni tàn án. Ọmọ Nàìjíríà ò nílò ògbufọ̀ fún ìyẹn. Tọ̀sán-tọ̀sán ni iná sólà fi ń gba oòrùn sára láìjẹ́ kẹ́nì kankan mọ̀. Ìgbà tí òkùnkùn bá ṣú ni wọ́n tó máa ń rí i. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ nílé lè jẹ́ irú rẹ̀.

Orúkọ tó ń sọ ìwà ẹni

Kí iná ẹ̀lẹ́tíríìkì tó dé ilẹ̀ wọn làwọn Akan, tí àwọn Asante wà lára wọn, ti ní ọ̀nà tiwọn láti sọ irú ẹni tí èèyàn jẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá bí ọmọ ló ń fún un lórúkọ. Ọmọ ọjọ́ Ajé ni Kwadwo tàbí Adwoa. Ọmọ Ọjọ́rú ni Kwaku tàbí Akua. Ọmọ ọjọ́ Ẹtì ni Kofi tàbí Afua. Wọ́n gbà pé ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwà tó ń bá a rìn: èèyàn jẹ́jẹ́ ni Kwadwo, ara Kwaku máa ń gbóná, arìnrìn-àjò sì ni Kofi.

Lọ́dún 1954, Gustav Jahoda, tó jẹ́ onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá, tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó yẹ ìwé àkọsílẹ̀ ilé ẹjọ́ àwọn ọmọdé ní Kumasi wò. Ó rí i pé àwọn Kwadwo tó wà níbẹ̀ ò pọ̀ tó bó ṣe yẹ. Àwọn Kwaku ló pọ̀ jù bó ṣe yẹ lọ nínú ẹjọ́ ìjà àti ìpalára.

Ṣé ọjọ́ ló ń ba ọmọ jẹ́ ni? Rárá o. Ẹ fojú inú wo ilé kan. Tí Kwadwo bá fọ́ àwo, wọ́n á ní ọwọ́ rẹ̀ ló yọ̀. Tí Kwaku bá fọ́ irú rẹ̀, wọ́n á ní, “Ṣé ẹ ò rí i bí?” Ọmọ tó ń gbọ́ ìyẹn lójoojúmọ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á gbọ́. Lóòótọ́, ìwádìí kan ṣoṣo ò lè parí ẹjọ́, àmọ́ ó tó láti mú kí òbí ronú.

Ọ̀rọ̀ náà ò yọ ilé Yorùbá sílẹ̀. Àwọn àgbà máa ń sọ pé orúkọ ń ro ọmọ. Ìdòwú tó tẹ̀ lé ìbejì ò tíì rìn tí wọ́n á ti máa pè é ní olóríkunkun. Tó bá wá ṣorí kunkun lóòótọ́, ta ló kọ́ ọ?

Orúkọ kọ́ ló ń parí ọ̀rọ̀

Lọ́jọ́ Ẹtì, April 8, 1938, wọ́n bí ìbejì kan ní Kumasi. Ọkùnrin ni Kofi, obìnrin ni Efua. Kofi Annan rin ìrìn àjò lóòótọ́. Ó di akọ̀wé àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé láti 1997 sí 2006, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà lọ́dún 2001. Àmọ́ ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí òun àti ìkejì rẹ̀, ọ̀nà ayé wọn ò sì jọra.

Ẹ tún wo ààfin Manhyia. Kí Otumfuo Osei Tutu Kejì tó gorí ìtẹ́ Asante lọ́dún 1999, Kwaku Duah ni orúkọ rẹ̀. Tó bá jẹ́ orúkọ la fẹ́ wò, ẹni ìjà ló yẹ kó jẹ́. Síbẹ̀, òun ló ṣáájú àwọn ọba mẹ́ta tó bá wọn dá sí aáwọ̀ oyè Dagbon, ní àríwá Ghana, lẹ́yìn tí wọ́n pa ọba ibẹ̀ lọ́dún 2002. Nígbà tó di January 2019, Dagbon ní ọba tuntun.

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Mampong kúrò ní Kumasi á dé Ntonso, níbi tí wọ́n ti ń tẹ aṣọ adinkra. Wọ́n á gbẹ́ àmì sára èèpo igbá, wọ́n á tì í bọ aró dúdú tí wọ́n fi èèpo igi sè, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ sórí aṣọ. Ọ̀kan lára àwọn àmì náà ni Nkonsonkonson, ìyẹn ẹ̀wọ̀n tó so kọ́ra. Ó ń ránni létí pé èèyàn ò dá wà, ara ẹlòmíì ló so mọ́.

Tí iná Kérésì tí wọ́n tò tẹ̀ léra bá kú, ọlọ́gbọ́n ò ní sáré jù ú sí ààtàn. Á jókòó, á máa fọwọ́ kan gílóòbù lọ́kọ̀ọ̀kan títí á fi rí èyí tó níṣòro. Nígbà míì, gílóòbù náà ò jóná rárá, kò kàn jókòó dáadáa sáyè rẹ̀ ni.

Torí náà, ẹ̀yin òbí, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe eré yìí nílé lọ́dún yìí, ẹ má dáhùn fún ọmọ yín. Ẹ bi í, kẹ́ ẹ sì dúró gbọ́ ohun tó máa sọ. Tó bá ní òun lèyí tó kú, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ sọ ìkòkò ìrẹsì kalẹ̀, kẹ́ ẹ jókòó tì í.