Alùpùpù Àlòkù àti Òórùn Epo Nínú Ọ̀dẹ̀dẹ̀

Mo mọ̀ dájú pé ọ̀rọ̀ ọbẹ̀, ọ̀rọ̀ aṣọ àti ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ọmọ ni ẹ máa ń retí ní ojú ewé yìí. Ọ̀rọ̀ alùpùpù ni èmi gbé wá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ṣí ewé kọjá, nítorí pé alùpùpù tí mo ń wí yìí, inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ni wọ́n fẹ́ kí ó máa sùn, níbi tí ìdílé mẹ́jọ ti ń dáná alẹ́.

Ìbà ni a ń gbé, ní agbègbè Ọjọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Mọ́ín-mọ́ín ni mo ń sè tà. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, mo ní láti gbé e dé Ìbà Estate, kí n kọjá sí ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, kí n sì parí rẹ̀ sí àwọn àdúgbò inú Òkokomáíkò kí ó tó tutù. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ni mo máa ń wọ̀ tẹ́lẹ̀, èrè díẹ̀díẹ̀ sì ń wọlé. Nígbà tí ó di ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, lítà epo pẹtiróòlù kan tí kò tó ₦200 l'Ékòó di ₦488 kí oṣù náà tó parí. Owó ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ èrè mi bí ikán ti ń jẹ òpó ilé. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ọkọ̀ ojú irin tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Marina dé Mile 2, ṣùgbọ́n kò tíì dé Òkokomáíkò, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ojú irin kì í ya àdúgbò kiri pẹ̀lú agbada mọ́ín-mọ́ín.

Oṣù yẹn gan-an ni àjọ kàn mí. Mo jókòó, mo ṣírò, mo sì sọ fún baálé mi pé alùpùpù àlòkù ni mo fẹ́ fi owó náà rà.

Ó ní, "Ta ni yóò gùn ún?"

Mo ní, "Èmi ni o, Bàbá Bísí."

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ìyá Bísí, ṣé kí wọ́n wá máa pe ìyàwó mi ní ọlọ́kadà ni?"

N kò bá a jà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé orúkọ yẹn kò tilẹ̀ ti orí alùpùpù wá: ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Okada Air tí Olóyè Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní 1983 ni àwọn ènìyàn fi ń ṣẹ̀fẹ̀, tí ó fi lẹ̀ mọ́ alùpùpù tí ń sáré gba àárín ọkọ̀. Ohun tí mo rán baálé mi létí ni pé ìyá mi tí ó jẹ́ olùkọ́ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú gun Honda lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní ìgbà èwe mi, ìró rẹ̀ á dé àwọ̀tẹ́lẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò sì sí ẹni tí kò kúnlẹ̀ kí i. Mo tún ní kí ó rántí ìrìn àjò tí a jọ lọ. Ọ̀nà kan náà tí ó gba iwájú Ọjọ́ kọjá ni ó lọ sí Badagry, dé ibodè Sẹ̀mẹ̀, títí dé Kútọnu. Ní Kútọnu àti ní Àjàṣẹ́, obìnrin tí ó pọn ọmọ, obìnrin tí ó wọ aṣọ àríyá, ìyálọ́jà tí ẹrù wà lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo wọn ni wọ́n ń gun alùpùpù fúnra wọn, ẹnikẹ́ni kì í sì í yíjú wò wọ́n. Ó rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé mo ti gba ìyọ̀ǹda.

Ọwọ́ ọkùnrin kan tí ó ti fẹ̀yìntì ní ìlú Ọjọ́ ni a ti rà á. Honda CG 125 ni. Ní 1976 ni ilé iṣẹ́ Honda kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní ọ̀nà tí kì yóò fi béèrè ìtọ́jú púpọ̀, fún ilẹ̀ tí ọ̀nà rẹ̀ kò dára. Abẹ́ àtíbàbà ni ó wà fún ohun tí ó lé ní ọdún méjì láìjẹ́ pé ẹnì kan gùn ún. Kí n tó ka ₦130,000 sílẹ̀, mo gba ìwé rẹ̀, mo sì rí i pé nọ́ńbà tí ó wà lára irin rẹ̀ bá ti inú ìwé mu, nítorí pé ẹni tí ó ra ohun olè, olè ni ọlọ́pàá yóò pè é. Bàbá náà ní kò ní àrùn kan, àfi pé epo ni kò sí nínú rẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin bu epo sí i, a sì tì í títí kí ó tó dáhùn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìwà rẹ̀. Ní òwúrọ̀, kò ní fẹ́ jí. Bí ó bá jí, yóò wú èéfín dúdú. Bí mo bá wà lórí eré, ó dára. Ṣùgbọ́n bí mo bá dé oríta tí mo dẹwọ́, kíá ni yóò kú, àwọn tí ń bẹ lẹ́yìn á sì máa fọn fèrè bú mi. Lítà méjì kì í pé ọjọ́ kan lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà tí mo ń rìn kò jìnnà.

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ tí a gbé e lọ bá kò wo ojú mi. Àbúrò mi ni ó kọjú sí. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ sọ fún màdáámù yín pé ríìngì àti pisítìn ti jẹ. ₦60,000 ni ẹ ó mú wá." Àbúrò mi ní, "Àǹtí mi ni wọ́n, àwọn ni wọ́n sì ni ín. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀." Ọkùnrin náà tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ, síbẹ̀ àbúrò mi náà ni ó ṣì ń wò. Kò tú ohunkóhun. Kò yọ plọ́ọ̀gì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a sì tì í padà sí ilé.

Òru ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀. Ní nǹkan bí aago méjì, òórùn epo jí mi. Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì, mo bá ilẹ̀ tí ó tutù lábẹ́ alùpùpù, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn ni epo ń kán láti ìdí ẹ́ńjìnnì. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí i ni sítóòfù oníkẹrosínì ti ìyá tí ó kọjú sí wa wà, ẹni tí máa ń dìde ní aago mẹ́rin láti se ògì. Ẹ jẹ́ kí ó yé yín dáadáa: ooru epo pẹtiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Kì í gòkè bí èéfín. Ilẹ̀ ni ó ń fà lọ, gba abẹ́ ilẹ̀kùn, títí yóò fi bá iná pàdé ní ibi tí ẹnikẹ́ni kò rò. Mo jí gbogbo ilé. A ti alùpùpù náà síta, a da iyanrìn sí ilẹ̀, a sì ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì sílẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ní ọjọ́ kejì, onílé sọ pé kí á pa ẹnu ẹ̀rọ kékeré tí ó wà lábẹ́ táńkì, kí á sì dá a padà sínú ilé, torí pé àwọn olè kì í jẹ́ kí nǹkan sùn níta ní àdúgbò wa. Baálé mi gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ó ní owó àjọ odidi ọdún kan kò gbọdọ̀ sùn sí ojú òpó. Òótọ́ ni ó sọ, ṣùgbọ́n mo ti yí ẹ̀rọ náà wò, ó ti jẹ, kò lè dá epo dúró pátápátá. Ọmọ mọ́kàndínlógún ni ó ń sùn nínú ilé yẹn. Mo kà wọ́n sí i létí ní oríkèèéwú, láti orí Bísí tiwa dé orí ìkókó olósù méjì tí ó wà ní yàrá ìkẹyìn. Mo ní bí olè bá gbé e, kí ó gbé e. Alẹ́ ọjọ́ náà, a fi ṣéènì dè é mọ́ irin fèrèsé wa níta, baálé mi sì gbé àga lọ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Òru mẹ́ta ni ó fi sùn bí ọdẹ.

Ọ̀rẹ́ mi kan ni ó júwe bàbá àgbà kan fún mi nínú Òkokomáíkò, tí ó ti ń tún alùpùpù ṣe láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ Volkswagen ṣì ń to ọkọ̀ ní Ọjọ́. Bàbá náà kò tíì gbọ́ ẹjọ́ mi tán tí ó fi yọ plọ́ọ̀gì. Ó dúdú, ó sì tutù. Ó ní, "Ìyá mi, bí orí plọ́ọ̀gì bá dúdú tí ó tutù, epo pọ̀ jù. Bí ó bá funfun, afẹ́fẹ́ ni ó pọ̀ jù. Bí ó bá pọ́n bí awọ ẹ̀pà, ẹ lọ sinmi. Kabúrétọ̀ ni ó ń dà yín láàmú." Ó ní kí n jókòó, kí n wò ó.

Bí ó ti ń tú u ni mo ń rí i pé gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni mo ti rí rí nínú ilé ìdáná. Ẹ rántí ìgò Fílíìtì tí a máa ń fọ́n sí ẹ̀fọn: afẹ́fẹ́ tí ó gba orí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá kíkankíkan ni ó ń fa oògùn sókè tí ó ń sọ ọ́ di ìrì. Ohun tí kabúrétọ̀ ń ṣe nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì ń fa afẹ́fẹ́ gba ọ̀nà tóóró, afẹ́fẹ́ náà sì ń fa epo sókè láti inú ago kékeré tí ó wà nísàlẹ̀. Nínú ago yìí ni ohun kan ti ń léfòó bí bọ́ọ̀lù inú táńkì omi. Bí epo bá kún tó, yóò gbé abẹ́rẹ́ kan sókè láti dí ẹnu ihò. Ẹnu abẹ́rẹ́ tèmi ti jẹ. Bàbá fi ìka mi gbá a kí n lè mọ̀ ọ́n lára. Kò lè dí ihò mọ́, epo sì ń kún àkúnwọ́sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń kán ní òru, tí kì í fi fẹ́ jí ní òwúrọ̀, tí èéfín rẹ̀ sì fi dúdú.

Èkejì ni jẹ́ẹ̀tì kékeré, ihò idẹ tí ó ń fún ẹ́ńjìnnì ní epo nígbà tí ènìyàn bá dẹwọ́. Epo tí ó wà nínú rẹ̀ fún ọdún méjì láìṣiṣẹ́ ti gbẹ, ó di bí oje igi, ó sì dí i pa. Ẹ̀yin tí ẹ lo sítóòfù onípọ́ǹǹpù rí, ẹ kò lè gbàgbé abẹ́rẹ́ tí a fi ń gún ẹnu rẹ̀. Mo ní kí n fún bàbá ní abẹ́rẹ́ ìránṣọ. Ó kọ̀. Ó ní idẹ rọ̀, irin á fẹ ihò náà, bí ó bá sì fẹ̀, títí ayé ni yóò máa mu epo ju bí ó ti yẹ lọ. Ó rẹ ẹ́ sínú epo mímọ́, ó fa fọ́nrán bàbà kan ṣoṣo yọ láti inú wáyà iná, ó fi gún un wẹ́rẹ́, ó sì fi pọ́ǹǹpù táyà fẹ́ ẹ. Ó gbé e sókè sí oòrùn, ó ní kí n yọjú. Mo rí ìmọ́lẹ̀ bí ojú abẹ́rẹ́.

Ó pààrọ̀ abẹ́rẹ́ tí ó jẹ, rọ́bà ìdí ago, àti ẹ̀rọ abẹ́ táńkì. Ó bi mí bóyá alùpùpù náà mu nínú epo burúkú oṣù Kejì 2022, nígbà tí wọ́n kó epo tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ Nàìjíríà, nítorí pé irú epo bẹ́ẹ̀ máa ń ba rọ́bà jẹ́. Mo ní bóyá oní-in tẹ́lẹ̀ ni ó lè dáhùn. Gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú owó iṣẹ́ jẹ́ ₦14,500. Pisítìn wà ní ipò rẹ̀, kò sẹ́ni tí ó fọwọ́ kàn án.

Nísinsìnyí, lítà kan ń tó mi lò fún ọjọ́ méjì. Inú àdúgbò ni mo ń gbà. N kì í gun títì márosẹ̀ Èkó sí Badagry, nítorí pé láti oṣù Kejì 2020 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti kà á mọ́ àwọn ọ̀nà tí wọ́n ti fòfin de ọ̀kadà, n kò sì ní agbára àlàyé fún ẹni tí ó bá fẹ́ gbé tèmi lọ. Akoto kò kúrò ní orí mi. Ní alẹ́, mo ń pa ẹ̀rọ abẹ́ táńkì kí n tó pa ẹ́ńjìnnì, kí ó lè mu epo inú ago tán. Ẹ̀yin tí alùpùpù ọkọ tàbí ti ọmọ yín ń sùn nínú ilé, ẹ fi páànù sí abẹ́ rẹ̀ lálẹ́ òní, kí ẹ sì wò ó ní òwúrọ̀ kí ẹ tó ṣáná.

Ọjọ́ kẹrin ni a tó dá tiwa padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́yìn tí páànù ti gbẹ fún òru méjì ní ìta. Ìyá ológì ni ó kọ́kọ́ tẹ̀ mọ́lẹ̀ gbóòórùn ilẹ̀ ibẹ̀. Ó ní kò gbọ́ nǹkan kan. Ó sì bi mí pé èló ni wọ́n ń ta irú rẹ̀.