Kí Ẹ Tó Fi Nǹkan Kún Kọ̀ǹpútà Àtijọ́

Èmi kì í ṣe ẹni tó kàwé púpọ̀. CEPD ni ìwé ẹ̀rí tí mo ní, iṣẹ́ mi sì ni láti máa kọ́ àwọn àgbà ní ìwé kíkà àti ìwé kíkọ ní èdè Nàgó ní Kambolé níbí. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ẹ má ṣe tìtorí bẹ́ẹ̀ ṣí ojú ewé yìí kọjá. Ẹni tó bá ti lè ṣe ìsọdipúpọ̀ nínú ìwé ìṣirò wa, ó ti mọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ní ọdún 2013, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ wa ní. Àlòkù ni, láti Yúróòpù ni ó ti wọ èbúté Lomé kí a tó rà á. Òun ni a fi ń tẹ àwọn ìwé kékeré tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń kà. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra. Bí mo bá tẹ ọ̀rọ̀ tó ní àmì ohùn, màá dúró kí ó tó hàn. Disque dur rẹ̀, ìyẹn ibi tó ń tọ́jú ìwé sí, ti kún dé ẹnu. Ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá dá owó jọ. Àwọn ìyá tó ń ta gàrí wà nínú wọn, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ta iṣu wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Irú owó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe owó tí a fi ń dán nǹkan wò. Bí kọ̀ǹpútà náà bá jóná, kò sí owó tí a ó fi ra òmíràn, ìwé kẹta tí gbogbo wọn ń retí yóò sì dúró síbẹ̀.

Mo mú owó náà lọ sí Sokodé, sí ìsọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ta nǹkan inú kọ̀ǹpútà. Ó ní kí n ra nǹkan mẹ́ta: barrette, tí yóò jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè rántí nǹkan púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, disque dur kejì, tí yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́, àti carte graphique, tí ń mú kí àwòrán yára. Mo bi í pé, "Ṣé iná inú rẹ̀ yóò gbé e?" Kí n tó kúrò nílé ni mo ti da ohun tí wọ́n kọ sára àpótí iná kọ̀ǹpútà náà kọ sínú ìwé mi. Ó wò ó. Ó ní, "Tonton, 250 ni wọ́n kọ síbí. Kò sí wàhálà."

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí ibí ni ọ̀rọ̀ náà wà.

Nínú kọ̀ǹpútà tí a ń gbé sórí tábìlì, àpótí irin kékeré kan wà níbi tí okùn iná ti wọlé. Alimentation ni àwọn atúnṣe ń pè é. Iná CEET tó ń bọ̀ láti ara ògiri jẹ́ 220 fóòtì, ó le jù fún inú kọ̀ǹpútà. Alimentation ló ń sọ ọ́ di kékeré, tó sì ń pín in sí ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì: 3,3 fóòtì, 5 fóòtì àti 12 fóòtì. Ẹ rò ó bí ìyàwó ilé tó pọn omi sínú ìkòkò mẹ́ta, ọ̀kan fún mímu, ọ̀kan fún oúnjẹ, ọ̀kan fún ẹran ọ̀sìn. Nínú ilé, a lè bu omi láti inú ìkòkò kan sí èkejì. Nínú alimentation, kò ṣeé ṣe. Bí ti 12 bá tán, èyí tó kù nínú ti 5 kò lè ràn án lọ́wọ́.

Ohun tí mo kọ sínú ìwé mi nìyí: 3,3 V, 20 A, 5 V, 25 A, 12 V, 13 A, àpapọ̀, 250 W. Lẹ́tà V dúró fún fóòtì, ìyẹn agbára tí iná fi ń tì. A dúró fún ámpíà, ìyẹn bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó. W dúró fún wáàtì, ìyẹn iṣẹ́ tí iná náà lè ṣe. Ẹ fi A sọ V di púpọ̀, W lẹ ó rí. Nítorí náà, 12 lọ́nà 13 jẹ́ 156 wáàtì. Èyí ni ìkòkò tí a ní láti wò, kì í ṣe 250. Nínú àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 2000, ọ̀nà 5 àti 3,3 ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà ti ń mu iná. Láti ìgbà tí Pentium 4 ti dé ní ọdún 2000, ọ̀nà 12 ni ó ń mu ún.

Mo jókòó sórí àpótí níwájú ìsọ̀ náà, mo ṣe ìṣirò. Pentium 4 tiwa, tí iyára rẹ̀ jẹ́ 3 GHz, 84 wáàtì ni àwọn tó ṣe é kọ. Díẹ̀ máa ń ṣòfò lójú ọ̀nà, nítorí náà mo pè é ní 100. Disque dur, nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í yí, lè gba tó 2 ámpíà ní ọ̀nà 12, ìyẹn 24 wáàtì; lẹ́yìn náà ni yóò rọlẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń kọ CD, mo fún un ní 18. Fáànù méjì, 6. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 148. Nínú 156, ohun tó kù jẹ́ 8. Carte graphique tó fẹ́ tà fún mi ń gba tó 50, disque dur kejì yóò sì tún fẹ́ 24 tirẹ̀ nígbà tí a bá tan kọ̀ǹpútà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wo ìwé mi. Ó ní ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rà á lọ́wọ́ òun, kò sì sí ẹni tó padà wá ṣàròyé. Mo ní ẹni tí tirẹ̀ bá ti jóná, kí ni yóò tún wá rà? Ó rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ènìyàn burúkú o. Nọ́ńbà tí wọ́n fi lẹ́tà ńlá kọ ni ó kà.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí tún wà níbẹ̀. Alimentation máa ń gbó bí ẹ́ńjìnnì ẹ̀rọ ìlọgbàdo. Ooru àti eruku ń ba àwọn nǹkan róbótó kan nínú rẹ̀ jẹ́, àwọn tí wọ́n ń pè ní condensateur, kò sì ní lè gbé ohun tó ń gbé ní ọdún tí wọ́n ṣe é mọ́. Nítorí náà, lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a gbé kọ̀ǹpútà náà lọ sí Tchamba, sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń tún rédíò ṣe, tó ní multimètre. Ó fi í sí okùn yẹ́lò àti okùn dúdú nígbà tí kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí kò sí iṣẹ́ púpọ̀, 11,7 ni a rí. Nígbà tí mo ní kí ó máa kọ CD, ó wá sí 11,5. Ọ̀nà 12 kò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju 11,4 lọ, kò sì gbọdọ̀ gòkè ju 12,6 lọ. Ẹ rí i pé ó ti ń súnmọ́ etí bèbè, láìtíì fi nǹkan kan kún un.

Ohun tí a ṣe nìyí. A ra barrette, nítorí wáàtì díẹ̀ péré ni ó ń gba, bíi 3 sí 5. A ra disque dur ńlá kan, ṣùgbọ́n a fi í rọ́pò ti àtijọ́ ni, lẹ́yìn tí a ti da àwọn ìwé wa kọ sínú rẹ̀. Carte graphique, a fi í sílẹ̀. Ìyá kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bi mí pé, "Olùkọ́, kí wá ni ti àwòrán?" Mo ní ìwé ni a ń tẹ̀, a kì í ṣe fíìmù. A tẹ ìwé kẹta náà, wọ́n sì kà á.

Bí ẹ bá ní irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó fi iná sí i. Àwọn kan ní bọ́tìnì pupa kékeré tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. Ti Amẹ́ríkà lè wá pẹ̀lú 115. Bí ẹ bá fi bẹ́ẹ̀ so ó mọ́ iná tiwa, yóò bú gbàù. Ẹ má sì ṣí alimentation fúnra yín láé. Bí ẹ bá tilẹ̀ ti fa okùn rẹ̀ yọ, iná tó ju 300 fóòtì lọ lè ṣì wà nínú rẹ̀. Ara rẹ̀ níta ni ẹ ó ti ka ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀.

Bí ó bá sì di dandan kí ẹ ra alimentation mìíràn, ẹ fi ọwọ́ gbé e wò. Èyí tó fúyẹ́ bí ìgbá, tí wọ́n wá kọ 500 sí lára, èmi kò ní fi owó mi rà á. Lóde òní, disque dur irú tuntun tí kì í yí, tí wọ́n ń pè ní SSD, kì í sábà gba ju wáàtì 2 tàbí 3 lọ. Ẹ lè fi rọ́pò ti àtijọ́ kí ẹrù alimentation yín dínkù. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo ẹnu okùn rẹ̀: bí oníhò mẹ́rin nìkan ni ó wà nínú kọ̀ǹpútà yín, ẹ béèrè fún okùn kékeré tó ń so ó pọ̀ mọ́ ti SATA.